Bàbá Kí-Ló-Fà-Á

Ọjọ́ tí Bàbá mi àgbà jáde láyé, a kò tíì gbé wọn kúrò lórí ibùsùn tí àríyànjiyàn fi bẹ́ sílẹ̀ nínú yàrá. Àbúrò wọn ní omi tútù tí wọ́n fi wẹ̀ láàárọ̀ ló pa wọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi ní rárá, ọ̀kadà tí wọ́n gùn bọ̀ láti Ayétòrò ló jù wọ́n jìgìjìgì. Ẹnì kan ní ẹ̀wà tí wọ́n jẹ ni. Dókítà ti sọ fún wa tẹ́lẹ̀ pé ọkàn wọn ti rẹ̀, pé ọjọ́ orí ni, ṣùgbọ́n ta ló ń gbọ́ ti dókítà? Èmi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, mò ń rò ó pé ẹni tí ì bá gbádùn àríyànjiyàn yìí jù lọ ló sùn síbẹ̀ láìfèsì. Ìgbà náà ni Màmá mi àgbà, tí wọ́n jókòó sórí àpótí, gbójú sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi wọ́n sílẹ̀," ni wọ́n wí. "Láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ mi yìí, èyí ni nǹkan àkọ́kọ́ tó máa ṣẹlẹ̀ tí wọn ò ní bi mí pé kí ló fà á."

A rẹ́rìn-ín, a sì sunkún. N kò lè sọ èyí tó ṣáájú nínú méjèèjì.

Orúkọ tí gbogbo Ẹ̀gùá ń pè wọ́n nìyẹn: Bàbá Kí-ló-fà-á. Bíríkìlà ni wọ́n kí ẹ̀yìn tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n, ilé tí wọ́n sì fọwọ́ ara wọn mọ ní ìlú wa kò lóǹkà. Wọ́n ní iṣẹ́ yẹn ló kọ́ wọn ní ìbéèrè. Bí ògiri bá sán, aláìmọ̀kan á po sìmẹ́ǹtì, á fi lẹ̀ ẹ́. Bíríkìlà gidi á kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé kí ló mú un sán. Ìyẹn dára fún ògiri. Wàhálà ibẹ̀ ni pé Bàbá kò fi ìyàtọ̀ sí àárín ògiri àti ènìyàn.

Bí o bá fọ́ ife nílé wọn, wọn ò ní bínú. Ìbá sàn kí wọ́n bínú. Wọ́n á gbé àga wọn súnmọ́ ọ, wọ́n á bọ́ fìlà sórí eékún, wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀. Bí tèmi ṣe máa ń lọ nìyí.

"Àdùkẹ́, kí ló fà á?"

"Ó bọ́ lọ́wọ́ mi, Bàbá."

"Kí ló mú un bọ́?"

"Ọwọ́ mi ń yọ̀."

"Kí ló mú ọwọ́ ẹ yọ̀?"

"Òróró àkàrà ni."

"Kí ló dé tí o fi ń jẹ àkàrà lọ́sàn-án gangan?"

"Oúnjẹ ọ̀sán ò tíì jinná."

"Ẹ̀n-ẹ́n!" Wọ́n á yíjú sí ilé ìdáná. "Ìyá Rẹ̀mí! Jáde wá wo ife tí o fọ́!"

Rẹ̀mí ni bàbá mi, àkọ́bí wọn. Bí ọ̀rọ̀ kò bá sì já sí ọ̀dọ̀ Màmá, á já sí ọ̀dọ̀ ìjọba, tàbí ọ̀dọ̀ ọyẹ́, tàbí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta sìmẹ́ǹtì ayédèrú. Màmá kì í jáde. Láti ìdí iná ni wọ́n ti máa ń dáhùn, wọ́n á ṣì máa ro ọkà lọ. "Ọ̀dọ̀ gbogbo wa ni ìdí nǹkan máa ń yà sí, Bàbá Rẹ̀mí. Ọ̀dọ̀ tiyín nìkan ni kò mọ̀nà."

Wọn ò fi ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ lọ́tọ̀. Ọjọ́ Ìsinmi kan, ọkùnrin kan bọ́ síwájú láti dúpẹ́, ó ní alùpùpù òun já wọ kòtò lójú ọ̀nà Ìmẹ̀kọ, pé òun dìde láìfarapa. Gbogbo ìjọ ké "Halelúyà!" Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, a gbọ́ ohùn Bàbá láti ẹ̀yìn: "Bíréèkì ńkọ́?" Olùṣọ́-àgùntàn ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Bàbá dìde dúró, wọ́n tún bi í. Ọkùnrin yẹn wolẹ̀, ó ní kò sí bíréèkì lára ẹ̀ láti ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tí a délé, Màmá ní ìtìjú fẹ́ pa òun níbẹ̀. Bàbá ń bọ́ agbádá, wọn ò tilẹ̀ wẹ̀yìn. "Mo bá a dúpẹ́ tán kí n tó ní kó lọ ra bíréèkì."

Kí ẹ má rò pé gbogbo ìgbà ni wọ́n ń gbà á. Ìgbà tí wọ́n ṣì í pọ̀ gan-an, wọ́n sì máa ń fi gbogbo ẹnu ṣì í. Ní ọdún tí mò ń múra ìdánwò àṣekágbá, Bàbá ṣàkíyèsí pé àwọn kò rí ẹyin lábẹ́ adìyẹ mọ́. Wọ́n jókòó ti àwọn adìyẹ náà fún ọjọ́ bíi mélòó kan, wọ́n sì dé ibi tí ẹnikẹ́ni kò rò: rédíò Súlè ni. Súlè ni ọmọ aládùúgbò wa, ọlọ́kadà tó ń ná Ẹ̀gùá sí Ayétòrò. Ó fẹ́ràn orin òdìkejì bọ́dà, orí iléeṣẹ́ rédíò àwọn elédè Faransé ló sì máa ń fi tiẹ̀ sí láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀. Bàbá gba ojúlé wọn lọ.

"Faransé yẹn ń da àwọn adìyẹ mi lórí rú," ni wọ́n sọ fún Ìyá Súlè. "Wọn ò gbọ́ ọ."

"Ẹ bi àkùkọ yín léèrè," ni Ìyá Súlè fèsì. Obìnrin tí kò fi ẹnu ṣeré ni. "Ó jọ pé ó ti dàgbà bí ẹni tó ni ín."

Ìjà yẹn dé etí Baálẹ̀. Níkẹyìn Súlè fúnra ẹ̀ rẹ rédíò sílẹ̀ nítorí àlàáfíà, ẹyin sì yọ lọ́sẹ̀ yẹn gan-an! Ẹ wo bí Bàbá ṣe ń rìn káàkiri, àyà síta, bí ẹni tí wọ́n fi jẹ olóyè. Ó pẹ́ kí Màmá tó jẹ́wọ́ fún wọn. Àwọn ni wọ́n ń jí kó ẹyin láàárọ̀ kùtù, wọ́n ń sè é fún mi kí ìwé lè wọ̀ mí lórí. Ọ̀sẹ̀ tí Súlè rẹ rédíò sílẹ̀ ni ìdánwò mi parí. Bàbá gbọ́ ọ títí dé òpin. Wọ́n fi ọwọ́ ra irùngbọ̀n.

"Ó dáa," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n Faransé náà kò ràn wọ́n lọ́wọ́."

Láti ọjọ́ rédíò ni ẹnu Bàbá àti ti Ìyá Súlè kò ti kò mọ́. Bí wọ́n bá pàdé, wọ́n á kí ara wọn bí ẹni tó ń san owó orí. Ohun tí mo fẹ́ sọ báyìí ló mú kí n jókòó kọ gbogbo èyí, àárín àwọn méjèèjì ló sì ti ṣẹlẹ̀.

Mo ti ń lọ sí ilé ìwé gíga ní Ìlaròó nígbà náà, mo wá lo ìsinmi nílé. Súlè ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó láti Pọ́bẹ̀, ní òdìkejì bọ́dà. Àdẹ́lì ni orúkọ ẹ̀, ẹgbẹ́ mi ni, kò sì pẹ́ tí a fi dọ̀rẹ́. Yorùbá tiwọn lọ́hùn-ún kò yàtọ̀ púpọ̀ sí tiwa, a ń gbọ́ra wa yé, àfi bí inú bá bí i tí Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́nu ẹ̀. Súlè fẹ́ràn ẹ̀ débi pé ó mọ balùwẹ̀ olóbùlọ́ọ̀kù fún un sí ẹ̀yìnkùlé kó tó dé, kí ọmọ ọlọ́mọ má baà máa wẹ̀ lẹ́yìn páànù.

Àdẹ́lì kò tíì mọ ọ̀nà odò tán tí ewúrẹ́ Ìyá Súlè fi bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ọ̀kan wú nínú, ó gbọ̀n, ó kú. Kí oṣù tó parí, òmíràn tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà òbúkọ ńlá tí Ìyá Súlè ń sìn de Iléyá. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, wọ́n ní ẹsẹ̀ ìyàwó tuntun kò dára. Ìyá Súlè kò sọ tiẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó ránṣẹ́ sí bàbá Àdẹ́lì pé kó wá gbé ọmọ ẹ̀.

Mo mọ ohun tó ń bọ̀ wá bá ọ̀rẹ́ mi. Bí obìnrin bá gbé irú orúkọ yẹn kọjá bọ́dà, kò ní tán lára ẹ̀ mọ́. Wọn á kọ́kọ́ ní ó ń pa ewúrẹ́. Bí ọdún bá yí, tí ara ọmọ ẹnì kan kò yá ládùúgbò, wọn á ní ó ń pa ènìyàn.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ní kó di ẹrù, Àdẹ́lì jókòó sórí báàgì ẹ̀ níwájú ilé, ojú ẹ̀ ti wú. Súlè di apá alùpùpù ẹ̀ mú, kò lè wo ìyá ẹ̀, kò lè wo ìyàwó ẹ̀. Ibẹ̀ ni Bàbá yọ sí pẹ̀lú pákò lẹ́nu.

"Kí ló fà á?"

"Bàbá Rẹ̀mí, ẹ má dá sí i o," ni Ìyá Súlè wí. "Ọmọ yìí ló ń pa ewúrẹ́ mi."

"Kí ló fi ń pa wọ́n?"

"Ẹsẹ̀ ẹ̀! Kó tó dé, ìbejì ni ewúrẹ́ mi ń bí. Ó dé, wọ́n ń kú."

"Ìgbà tó dé náà ni orúnkún mi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Ṣé òun ló ń tẹ̀ ẹ́?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Bàbá yọ pákò lẹ́nu, ohùn wọn sì yí padà. "Ìyá Súlè, ó lè jẹ́ òótọ́ lò ń sọ. Èmi ò mọ̀, ìwọ náà ò mọ̀. Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ ló ń pa ewúrẹ́, kó gbé ẹsẹ̀ náà wá sílé mi. Èmi náà ní ewúrẹ́."

"Ewúrẹ́ ta ni?" Màmá ló sọ̀rọ̀, láti ẹ̀yìn ọgbà.

Bàbá kò wẹ̀yìn. "Ewúrẹ́ wa."

"Bàbá Rẹ̀mí, mo ní ewúrẹ́ ta ni?"

"Ewúrẹ́ ìyàwó mi," ni Bàbá wí, wọ́n sì gbé báàgì Àdẹ́lì fúnra wọn kí Màmá tó yí ọgbà ká.

Yàrá mi ló ń sùn. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kò fẹ́ jáde rárá. Ó ń bẹ̀rù pé bí òun bá wo ewúrẹ́ kan lójú, á ṣubú. "Àdùkẹ́, bí ọ̀kan bá kú níbí ńkọ́?" ló ń bi mí. "Àbí èmi gan-an ni?" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju gbogbo ariwo Ìyá Súlè lọ, torí ó fi hàn pé òun fúnra ẹ̀ ti ń gbà wọ́n gbọ́. Bàbá kò jẹ́ kó sá pamọ́. Wọ́n ní òun ni kó máa fún wọn lóúnjẹ, òun ni kó máa so wọ́n, òun ni kó máa tú wọn, nítorí bí kò bá súnmọ́ wọn, a ò ní mọ nǹkan kan. Màmá, ní tiwọn, kì í tíì fọ ẹnu láàárọ̀ tí wọ́n á ti lọ pe àwọn ewúrẹ́ lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n tó dáhùn kíkí ẹnikẹ́ni, ó di ìgbà tí wọ́n bá rí i pé gbogbo wọn dìde.

Ọjọ́ kan, èyí tó sanra jù nínú wọn dùbúlẹ̀ kọjá bó ṣe yẹ. Àdẹ́lì figbe ta. Gbogbo ilé sáré jáde. Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́ ewúrẹ́ náà, wọ́n gbé etí lé e láyà. Bó ṣe lajú nìyẹn, ó na ọrùn, ó sì bu fìlà Bàbá jẹ.

"Ara ẹ̀ yá," ni Màmá wí. "Fìlà ló ń dù."

Kò sí èyí tó kú nínú wọn. Ṣùgbọ́n nílé Ìyá Súlè, níbi tí Àdẹ́lì kò sí mọ́, òmíràn tún kú. Bàbá sáré lọ síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fún lẹ́bùn, wọ́n tilẹ̀ gbàgbé láti bá obìnrin náà kẹ́dùn. Ìyá Súlè ní ọmọbìnrin náà ti fi ẹsẹ̀ ẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀.

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i nílé mi," ni Bàbá fèsì. "Méjèèjì wà lábẹ́ ẹ̀."

Ó wá ku ohun tó ń pa wọ́n. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá wọ bàtà rọ́bà, wọ́n mú ọ̀pá, wọ́n yan ewúrẹ́ kan nínú èyí tó kù fún Ìyá Súlè, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e. Bó bá dúró, Bàbá dúró. Bó bá wọ igbó, Bàbá wọ igbó. Ó gba iwájú mọ́ṣáláṣí, ó gba ẹ̀gbẹ́ ọjà, àwọn ọmọdé ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, àwọn àgbà ń béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ara Bàbá yá. Ọ̀sán ti ń pọ́n kí ewúrẹ́ náà tó padà sílé, ó gba ẹ̀yìn balùwẹ̀ tuntun, ó tẹ orí ba, ó fẹ́ mumi. Bàbá fi ọ̀pá lé e. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti ìka bọ omi náà, wọ́n gbóòórùn ẹ̀.

Omi ẹ̀gẹ́ ni.

Gbogbo wa la mọ̀ pé omi ẹ̀gẹ́ ń pa ewúrẹ́. Lókè ilé wọn ni àwọn obìnrin ti ń lọ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń fún un fi ṣe gàrí, omi ẹ̀ sì máa ń gba ojú àgbàrá kan sọ̀ kalẹ̀ sínú igbó, kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ṣùgbọ́n balùwẹ̀ Àdẹ́lì jókòó lé àgbàrá yẹn lórí gbọnrangandan. Omi kò rí ọ̀nà lọ mọ́, ó dá ọ̀gọ̀dọ̀ sí ẹ̀yìn ògiri níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kì í dé àfi ti ewúrẹ́.

Ibi tí a dúró sí nìyẹn nígbà tí bàbá Àdẹ́lì dé láti Pọ́bẹ̀ lórí alùpùpù. Oníṣòwò ni, ẹni pẹ̀lẹ́, ó ti di okùn mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù láti fi so ẹrù ọmọ ẹ̀. Ó kí wa, ó dúró, kò mọ ìdí tí gbogbo ènìyàn fi ń wo ilẹ̀ lẹ́yìn balùwẹ̀.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yé Ìyá Súlè, ọmọ ẹ̀ ló yíjú sí. "Súlè! Ìwọ lo pa ewúrẹ́ mi? Ibẹ̀ lo rí mọ balùwẹ̀ sí?"

Súlè dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Dá mi lóhùn, Súlè," ni Bàbá náà wí, ọ̀rọ̀ náà ń dùn mọ́ wọn. "Ta ló ní kó o mọ ọ́n síbẹ̀?"

Súlè dojú kọlẹ̀. Màmá wúkọ́.

"Ṣé bíríkìlà kankan ò rí i ni? Ta ló wọn ilẹ̀ fún ẹ? Ta ló…"

Mo rí ìgbà tí ìdáhùn náà dé ojú wọn. Ẹnu wọn là sílẹ̀. Gbogbo wa ló ti rántí: Bàbá ni wọ́n mú okùn dání lọ́jọ́ tí wọ́n wọn ilẹ̀ balùwẹ̀ náà, àwọn ni wọ́n ní kí Súlè má mọ ọ́n sábẹ́ igi máńgòrò, kó mọ ọ́n sí ibi tí ilẹ̀ ti lọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, omi á máa lọ dáadáa. Súlè mọ̀. Ó fẹ́ fara mọ́ ọn dípò kó fi ìka tọ́ àgbàlagbà. Bí Bàbá bá dákẹ́ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà á kú sí orí Súlè, ọ̀la á sì mọ́.

Bàbá bọ́ fìlà wọn tí ewúrẹ́ ti jẹ létí. Wọ́n kọjú sí àlejò láti Pọ́bẹ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ kú ìrìn. Èmi ni mo pa ewúrẹ́. Ọmọ yín ń wẹ̀ ni tiẹ̀."

Ìyá Súlè tún ìró ẹ̀ ró. Ó ní, "Ṣùgbọ́n mo sọ ọ́, àbí n kò sọ ọ́? Mo ní ìgbà tó dé ni. Bí kò bá dé, ta ni à bá mọ balùwẹ̀ fún?"

Mo rò pé Bàbá á bá a jà. Wọ́n ronú sí i, wọ́n mi orí. "O gbà á. Ó wà nínú ìdí ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí nínú ẹ̀bi ẹ̀." Wọ́n wá fi kún un pé àwọn á fún un ní abo ewúrẹ́ kan láti fi bẹ̀rẹ̀.

"Ewúrẹ́ ta ni?" ni Màmá wí.

Bàbá ní àfi kí àwọn fúnra wọn wó ògiri náà. Wọ́n gbé òòlù ńlá, wọ́n gbá a lẹ́ẹ̀kan, wọ́n jókòó sílẹ̀, wọ́n di ẹ̀yìn mú. Súlè àti àna ẹ̀ ni wọ́n wó èyí tó kù. Àdẹ́lì gbé báàgì ẹ̀ padà sílé ọkọ, Màmá sì mú ewúrẹ́ tó bu fìlà jẹ fún Ìyá Súlè. Wọ́n ní èyí tó jẹun jù ni àwọn yàn.

Ọdún ti gorí ọdún lẹ́yìn ìyẹn. Níbi ìsìnkú Bàbá, Ìyá Súlè ló sunkún jù, tó bẹ́ẹ̀ tí Màmá fi ní kó rọra, kí àwọn ènìyàn má baà ṣi ẹni tó jẹ́ opó mọ̀. Àdẹ́lì àti àwọn ọmọ ẹ̀ ló gbé omi fún àwọn àlejò. Èrò ti ń tú ká nígbà tí bàbá Àdẹ́lì dé láti Pọ́bẹ̀. Ó ti di arúgbó, ọmọ ọmọ ẹ̀ ló wà á wá lórí alùpùpù. Ó dúró lẹ́bàá sàréè tí yẹ̀pẹ̀ ẹ̀ kò tíì gbẹ, ó bọ́ fìlà. Ó wá yíjú sí Màmá.

"Màmá, iṣẹ́ mi lẹ mọ̀. Ìgbàkígbà tí mo bá kọjá bọ́dà wá sí Nàìjíríà, ẹrù ni mo máa ń gbé padà. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo padà lọ́wọ́ òfo láyé mi, okùn nìkan ló wà lẹ́yìn alùpùpù mi, mo sì ń kọrin délé."